Àwo séló tí bàbá wa fi sílẹ̀, ṣé mo lè lò ó níbi ìrántí wọn?

ỌmọAláre:
Ẹ kú ilé o. Bàbá wa tó kú, àwọn ló ń tẹ ọ̀gáànì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íjẹ̀bú-Òde, mo ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ni mo rí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, Elgar ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ìyẹn òyìnbó tó ṣẹ̀dá orin náà, Jacqueline du Pré ló ta séló, irú gòjé ńlá àwọn òyìnbó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lẹ́yìn ọjà Òkè-Àjẹ́ tó ṣì ní ẹ̀rọ àwo, háà, bíi gòjé tó ń sunkún, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tá a yí i sẹ́yìn, obìnrin kan ló ń kọrin, kò sí séló mọ́. Ṣé wọ́n ṣi àwo pa ni? Ìrántí ọdún kẹwàá wọn ń bọ̀, mo fẹ́ lò ó, àǹtí mi ní orin òkú ni, òun ò fẹ́.

SélóRẹ́mọ:
Kò sí àṣìpa o jàre. Bó ṣe jáde ní 1965 nìyẹn. Janet Baker ló ń kọrin lẹ́yìn àwo náà, Sea Pictures lorúkọ orin ọ̀hún, orin márùn-ún nípa òkun, ìyàwó Elgar gan-an ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ogún ọdún ni du Pré nígbà tó ta séló yẹn! Àìsàn ò jẹ́ kó lè ta á mọ́ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, 1987 ló kú. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé Barbirolli tó darí wọn, òun fúnra ẹ̀ wà láàárín àwọn tó ta séló nínú ọ́kẹ́sírà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin séló náà síta ní London, October 1919. Ọjọ́ yẹn ò dáa rárá, ẹni tó darí àwọn orin yòókù ti jẹ gbogbo àkókò ìgbáradì tán.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:
Ọmọ mi, wọn ò kọ ọ́ fún òkú kankan. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ara Elgar ò sì yá, abúlé kan ní Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti kọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀ wà láàyè nígbà yẹn, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó kú. Ẹ lo ìpín kẹta, Adagio, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré, nínú ṣọ́ọ̀ṣì o, kì í ṣe lábẹ́ kánópì, jẹnẹrétọ̀ á bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ijẹbuboy:
1919 kẹ̀? Ọdún tí wọ́n bí Hárúnà Ìṣọ̀lá nìyẹn! Séló ní ṣọ́ọ̀ṣì, àpàlà lábẹ́ kánópì, àǹtí ò ní bínú mọ́ 😂

ỌmọAláre:
Ẹ ṣé gan-an ni mà. Mo gbé ìpín kẹta yẹn fún àǹtí gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ò sọ nǹkan kan, wọ́n ṣáà ní kí n tún un gbé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́ àwo ní Ṣágámù? Ti bàbá Òkè-Àjẹ́ ti ń ha àwo mi.