Ẹ gbà mí o, àdúgbò wo ni kí n dé sí ní London?

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, inú ń bí mi ni. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé Barking, tó jẹ́ ilé mi ló ti ka ND ẹ̀ tán, tó ń jẹun mi fún ọdún méjì gbáko, òun ló ti ń sọ látọdún tó kọjá pé "àǹtí mi, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó dé sí." Àná ló fi voice note ránṣẹ́, pé lándílọ́ọ̀dù òun ò fẹ́ àlejò. Kò tiẹ̀ lè pè mí! Mo ti lọ ẹ̀lùbọ́ fún ìyàwó ẹ̀, mo ti ra ògìrì, mo ti lọ ata gbígbẹ. Ọkọ mi ní kí n má sọ nǹkan kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde, wọn ò sì ní dá owó ẹ̀ padà. Ẹnì kan ní Peckham, ẹlòmíì ní kí n má fẹsẹ̀ kan Peckham, òmíì ní Stratford. Ibo ni kí n dé sí báyìí?

Ìyá Ìbejì: Peckham jàre. Tó o bá ti dé Rye Lane, ẹ̀fọ́, pọ̀nmọ́, panla, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, Yorùbá lo máa fi ná ọjà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbẹ̀ ní 2019, mi ò jẹ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dá Woolwich: Peckham ò ní tube, tréènì abẹ́ ilẹ̀ yẹn o, tréènì orí ilẹ̀ bíi Overground àti bọ́ọ̀sì ni. Ẹ jẹ́ ó lọ Woolwich. Tréènì Elizabeth line tí wọ́n ṣí ní 2022 yẹn, láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ló ti máa wọ̀ ọ́, ó di Woolwich, kò ní sọ̀kalẹ̀ wọ òmíì.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, àdúgbò yín lẹ ń polówó. Woolwich jìnnà.

Bọ̀dá Woolwich: Jìnnà síbo? Kó o tó jẹ gúgúrú kan tán o ti dé Tottenham Court Road láàárín ìlú.

Àdùkẹ́: Ẹ má jẹ́ kó lọ àárín ìlú ṣá. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo gbà níbẹ̀, tí mo bá ṣí báàgì mi sílẹ̀, kò síbi tí mo lè tẹ ẹsẹ̀ sí mọ́, àjà kẹta ni, kò sí líìfù, mo gbé báàgì 23 kílò gun àtẹ̀gùn títí mo fi ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé: Gbogbo yín ń dáhùn ohun tí wọn ò tíì sọ. Màdáámù, ẹ̀yin mélòó lẹ ń bọ̀? Ọjọ́ mélòó? Eélòó wà lọ́wọ́ yín? Kí lẹ fẹ́ wá ṣe?

Olùbéèrè: Èmi àti màmá mi, ọjọ́ 6. Àárín ìlú ni ọkàn mi fẹ́ o, kí n máa wo Big Ben látojú fèrèsé. Mi ò wọ bàálù wá jẹ pọ̀nmọ́.

Ìyá Ìbejì: Kí ni pọ̀nmọ́ ṣe ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé: Màmá ń kọ́? Ọmọ ọdún mélòó? Ẹ ò sì tíì sọ iye owó.

Olùbéèrè: 71. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ṣáà fẹ́ rí ọmọ mi níbi tó ti máa gba oyè ìwé ẹ̀, inú kàtídírà ni, ní Canterbury, aago 10 àárọ̀ Wednesday.

Bọ̀dá Woolwich: CANTERBURY KẸ̀? Ìyá mi, Canterbury kì í ṣe London o! Kent ni!

Olùbéèrè: Ọmọ mi ní kò jìnnà.

Bọ̀dá Woolwich: Kò jìnnà fún òun. Ó dáa, ẹ gbàgbé Woolwich, mo gbà. Stratford ni. Tréènì tó ń sáré tó ń gbéra ní St Pancras máa ń dúró ní Stratford International, ó máa gbé yín dé Canterbury West, bíi wákàtí kan. Líìfù wà níbẹ̀ fún Màmá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì o, káàdì Oyster tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ní London ò ṣiṣẹ́ débẹ̀.

Àdùkẹ́: Kí ló dé tí wọn ò kúkú sun Canterbury ní Tuesday? Àárọ̀ kùtù, Màmá, gèlè, orúnkún...

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ. Kí wọ́n tètè gba yàrá ṣá, gbogbo òbí ló ń wá a lọ́sẹ̀ yẹn.

Olùbéèrè: Màmá náà ní àwọn fara mọ́ ọn. Canterbury ní Tuesday, Stratford fún ìyókù. Ẹ ṣé o. Bọ̀dá, ṣé Barking jìnnà sí Stratford yẹn?

Bọ̀dá Woolwich: Rárá o, ìtòsí ni.

Olùbéèrè: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó wá gbé ẹ̀lùbọ́ ìyàwó ẹ̀ fúnra ẹ̀.