"Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ" kò bá iṣẹ́ ìgbìmọ̀ UNESCO mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ dábàá fún ètò ìṣàkóso UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, mo fara mọ́ "Àpéjọ Gbogbogbòò" (General Conference) àti "Olùdarí Àgbà" (Director-General). "Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ" tí ẹ pe Executive Board ni mi ò gbà, torí ẹni tó bá kà á yóò rò pé ọwọ́ ìgbìmọ̀ náà ni gbogbo àṣẹ wà.

Àpéjọ Gbogbogbòò ló ga jù. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é, ìbò kọ̀ọ̀kan sì ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà jẹ́ Ṣáínà, ìbáà jẹ́ Tógò. Òun ló ń fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ àti ìṣúná. Orílẹ̀-èdè 58 tí Àpéjọ yàn fún ọdún mẹ́rin ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí à ń wí yìí. Wọ́n ń yẹ ètò iṣẹ́ wò kó tó dé iwájú Àpéjọ, wọ́n sì ń ṣọ́ bí Olùdarí Àgbà ṣe ń mú un ṣẹ. "Ìgbìmọ̀ Alábòójútó" ni tèmi.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ yìí ló ń "yan" Olùdarí Àgbà. Ó ń fà á kalẹ̀ ni. Á fọ̀rọ̀ wá àwọn olùdíje lẹ́nu wò, á dìbò ní bòńkẹ́lẹ́, á wá gbé orúkọ ẹyọ kan lọ fún Àpéjọ, tó ní agbára láti yàn. Lóṣù kẹwàá ọdún 2017, ìbò 30 sí 28 ni Audrey Azoulay ará Faransé fi borí Hamad bin Abdulaziz Al-Kawari ará Qatar nínú ìgbìmọ̀. Oṣù kọkànlá ni Àpéjọ tó yàn án. Bákan náà ni ti Khaled El-Enany ará Íjíbítì lọ́dún 2025: wọ́n fà á kalẹ̀ lóṣù kẹwàá, Àpéjọ yàn án ní Samarkand lóṣù kọkànlá. Akọ̀ròyìn tó bá lo "yàn" fún méjèèjì á yan ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó dábàá "Ààrẹ" fún Olùdarí Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, Àpéjọ ní Ààrẹ tirẹ̀.

Owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ń san ńkọ́? "Ìtọrẹ" tí ẹ pè é kò dára níbẹ̀, torí dandan ni. Orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju owó ọdún tó wà nílẹ̀ àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ kò ní lè dìbò ní Àpéjọ, àfi bí Àpéjọ bá yọ̀ǹda fún un. Amẹ́ríkà dá owó dúró lọ́dún 2011 nígbà tí wọ́n gba Palẹsítínì wọlé. Nígbà tó di 2013, ìbò rẹ̀ lọ. "Owó ẹgbẹ́" ni kí a pè é, gbogbo ẹni tó ti ṣe ẹgbẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n. Kí a fi "ìtọrẹ" sílẹ̀ fún owó tí àwọn kan ń fi tinútinú dá lé e lórí.

Ó ku Sẹkitéríàtì. Létí ará Ìbàdàn, ọgbà ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Olùdarí Àgbà àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní UNESCO. "Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́" kò ṣeé lò, àwọn oníyanṣẹ́lódì ti gbà á. Mo fi "Àwọn Òṣìṣẹ́ Àjọ" sílẹ̀ ná. Ta ló ní èyí tó sàn jù?