Màmá mi fẹ́ di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pọ̀

Ọmọ Oníṣọ̀wò (Houston): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 61, ti gba green card (ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà) láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kọ̀wé láti di ọmọ ìlú. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ wa, ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì ju èyí tí wọ́n fi ń kí aládùúgbò lọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n lọ sìnkú bàbá wa, oṣù méje gbáko ni wọ́n lò nílé. Ṣé kí a kọ̀wé báyìí? Ṣé wọ́n sì lè fi Yorùbá ṣe ìdánwò tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹni 50 ọdún tó ti ní green card fún 20 ọdún, tàbí ẹni 55 ọdún tó ti ní in fún 15 ọdún, ni òfin gbà láàyè láti fi èdè abínibí rẹ̀ dáhùn. Màmá kò tíì dé ibẹ̀, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe é. Gbólóhùn kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ní láti kà yéni, kí wọ́n sì kọ ẹyọ kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta mìíràn. Ní ti ìtàn àti ìjọba, ẹni tó bá kọ̀wé láti 20 oṣù kẹwàá, ọdún 2025 yóò kọ́ ìbéèrè 128. Wọn yóò bi í ní 20 nínú wọn, bí ó bá sì ti gba 12, ó ti yege. Bí ó bá kùnà, wọn yóò tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín 60 sí 90 ọjọ́.

Èyí tó ni ìyá ọkọ mi lára jù ni fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí a fi ń kọ̀wé láti di ọmọ ìlú, fúnra rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ máa ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bí «oath». Ta ni yóò kọ́ ìyá yẹn ní ohun tí ìbúra jẹ́? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọn kò gbọ́ rí. A túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Yorùbá láti òkè délẹ̀, a ka èdè méjèèjì sínú fóònù, wọ́n sì ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já ẹ̀fọ́.

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Oṣù méje yẹn ni kí ẹ fojú sí. Bí ìrìnàjò bá lé ní oṣù mẹ́fà tí kò tó ọdún kan, wọn yóò kà á sí pé onítọ̀hún ti já okùn ìgbé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àfi bí ó bá mú ẹ̀rí wá pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ ṣì wà. Ẹ kó ìwé owó orí, ìwé báǹkì àti ìwé ìsìnkú bàbá jọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi wà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 30 oṣù. Ẹnìkan tó ń kọ fọ́ọ̀mù fúnni gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fo ìrìnàjò kan, bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ rẹ̀ wà gbàgàdà nínú ìwé ìrìnnà mi! Agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí ẹ fi ọ̀ràn yìí lọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ọmọ Oníṣọ̀wò: Mo dúpẹ́ o. Màmá ní kí n béèrè bóyá wọn kò ní pàdánù jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ṣáà máa fi wọ Amẹ́ríkà.