Èwo ni "kùn" nínú "ìkànkùn ẹ̀rọ"?

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àbújá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n fi Kàdúná ṣe ibùgbé kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tí ó kọjá pé Peugeot 504 tí àwọn jogún lọ́wọ́ bàbá wọn ti ń pariwo burúkú láti inú ẹ́ńjìnnì, àti pé níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá kò ti ní orúkọ fún irú ariwo bẹ́ẹ̀, àwọn ti sọ ọ́ ní "ìkànkùn ẹ̀rọ". Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn kan ti pàtẹ́wọ́, ẹnìkan sì ti ní kí á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun. Èmi kò pàtẹ́wọ́ ní tèmi, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ láàrin wa pé kàn àti ilẹ̀kùn ni ó bí kànkùn. Ẹni tí ń kànkùn wà lóde, ó ń wá ọ̀nà àtiwọlé, ó sì ń retí kí ẹni tí ó wà nínú ilé ṣílẹ̀kùn fún un. Ta ni ó wà lóde ẹ́ńjìnnì? Ilẹ̀kùn wo ni a fẹ́ kí wọ́n ṣí fún un? Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "knock" tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "nọ́ọ̀kì", pe ọwọ́ tí ń kan ilẹ̀kùn àti irin tí ń lu irin, kò sì sí ohun tí ó fi di dandan fún Yorùbá láti bá Gẹ̀ẹ́sì san gbèsè tí kò bá a jẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ṣókí, Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé kùn tí àwọn ní lọ́kàn kì í ṣe ti ilẹ̀kùn rárá, pé kùn tí oyin ń kùn ni, àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni méjèèjì sì ní. Òótọ́ ni pé ohùn wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìtumọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá ni ó ń kùn. Bí àwọn awakọ̀ àtijọ́ bá fẹ́ yin ọkọ̀ kan, wọn á ní ó ń kùn lásán ni, wọn á sì gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì láti fi hàn pé omi náà kò mì. Ọjọ́ tí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin ni ẹ́ńjìnnì ṣíwọ́ kíkùn. Báwo ni a ó ṣe wá mú orúkọ ìlera fún àìsàn?

Èyí gan-an kọ́ ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí ni pé a fẹ́ fi orúkọ kan bo ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́lẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mẹkáníìkì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 1975 ni àwọn ọmọ Yorùbá ti wà nínú àwọn tí ń tún un ṣe níbẹ̀, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí wọ́n ti pẹ́ lókè ọya. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kì í béèrè pé ṣé ó ń pariwo. Wọn á ní, "Ẹ fi ẹnu ṣe é kí a gbọ́." Bí ẹ bá ṣe kẹ́kẹ́kẹ́, ibì kan ni ọwọ́ wọn yóò lọ, bí ẹ bá ṣe gbọ̀gbọ̀gbọ̀, wọn á ní kí ẹ pa ọkọ̀ náà kíákíá. Ohùn òkè fún ohun tí ó fẹ́lẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ fún ohun tí ó wúwo: òfin tí ó ya rọ̀bọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára róbótó náà ni wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò, láìka ìwé gírámà kankan.

Kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn, tápẹ́ẹ̀tì ni, irin kékeré tí ń ti fáàfù ṣí. Àlàfo tí ó wà lẹ́nu fáàfù, ìdérí tí ń ṣí tí ó sì ń pa ọ̀nà epo àti èéfín, ti fẹ̀ jù. Kámúṣáàfù, ọ̀pá tí ń ṣí i, sì máa ń yí lẹ́ẹ̀kan péré bí kíráńkì, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bá yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ariwo rẹ̀ kì í yá tó èyí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ kíráńkì wá. Kì í pa ọkọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù láàárọ̀ nìkan ni ó ń lù, tí ó ń dákẹ́ bí ó bá ti gbóná, àyè díẹ̀ ni ó ti wà láàrin písítíìnì, irin tí ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, àti ilé rẹ̀, kò sì tíì di ẹkún.

Ariwo mìíràn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń mi òkúta kéékèèké nínú agolo, ìgbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù tí ó ń gun òkè ni ó sì máa ń jáde. Ẹni tí ó bá ti gba Akwanga lọ sí Jos, tí ó gun Hawan Kibo ní jíà ńlá, yóò ti gbọ́ ọ. Kò sí irin kan tí ń lu irin níbẹ̀ rárá. Epo ni ó ń gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì, ohun tí ń ṣáná sí epo, tó jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yálà nítorí pé wọ́n ti yí dísítíríbútọ̀ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì síwájú jù, tàbí pé èédú ti dì sórí písítíìnì, tàbí pé ẹ́ńjìnnì gbóná jù, tàbí pé epo náà kò dára tó. Nítorí ariwo yìí ni Thomas Midgley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ṣe fi èròjà òjé sínú epo ní 1921. Ìgbà òjé ni 504 jáde, ní 1968. Nígbà tí yóò fi di 2006, òjé ti kúrò nínú epo bẹtiróòlù káàkiri ìhà gúúsù Sàhárà nítorí ìjàǹbá tí ó ń ṣe fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ṣé kíkànkùn ni epo yẹn náà ń kànkùn?

Gbọ̀gbọ̀gbọ̀ ni ìjà ńlá. Bíárìnì tí ó wà lẹ́sẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù, apá irin tí ó so písítíìnì mọ́ kíráńkì, ti jẹ, àyè ti wà láàrin rẹ̀ àti kíráńkì, bí ọ́ìlì bá sì ti gbóná tí ó ṣàn bí omi ni ariwo náà ń le sí i. Mo wà ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ní Àbújá níbí, nígbà tí ọmọkùnrin kan ń wá irú rẹ̀ lára 504 aláwọ̀ eérú kan. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó fi àkísà gbígbẹ di wáyà púlọ́ọ̀gì mú, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá a padà. Nígbà tí ó yọ ẹ̀kẹta láti ọ̀dọ̀ fáànù, gbọ̀ di bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, torí pé iná kò ti písítíìnì náà wálẹ̀ mọ́. Ó ní, "Nọ́ńbà tú ni." Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yarí pé nọ́ńbà tírì ni àwọn rí. Ọmọ náà ni ó jàre: ọ̀dọ̀ fláíwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni Peugeot ti ń ka àwọn písítíìnì mẹ́rin ẹ́ńjìnnì yìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ fáànù. Wọ́n tú ọ́ìlì sínú abọ́, eruku irin tí ó jẹ kúrò lára bíárìnì sì ń dán wínniwínni ní ìdí abọ́ náà.

Ìyá wa olùkọ́ ní Jos ti kọ̀wé pé kí á gbá "nọ́ọ̀kì" dànù pátápátá nítorí pé ẹrú Gẹ̀ẹ́sì ni. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà, n kò gbà. Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń lò ó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ gbọ́ "ẹ́ńjìnnì ń nọ́ọ̀kì". "Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ó ti kú, pé kíráńkì ti há tàbí kọ́ńrọ́ọ̀dù ti ya ẹ̀gbẹ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ń fi tirẹ̀ pe ariwo tí ó ṣáájú ikú. A fi tiwa pe ikú fúnra rẹ̀. "Ti" yẹn ni ó sọ ọ́ di ọmọ ilé.

Àbá tèmi nìyí. Kí epo tí ń gbiná fúnra rẹ̀ máa jẹ́ àdágbiná, ní ìlànà àdáṣe àti àdágbé. Kí ti bíárìnì máa jẹ́ ìlura, lù àti ara. Kí á fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún òkú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀mọ̀wé tí ó ní kí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lè bínú sí ìlura, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí á tó dìbò lórí orúkọ kankan: ṣé ní òwúrọ̀ ni ó ń pariwo ni, àbí nígbà tí ó bá gbóná? Ṣé iná ọ́ìlì ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù? Ṣé ó ń le sí i bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòróòtù? Bí ó bá jẹ́ gbọ̀gbọ̀gbọ̀, ẹ má wà á wá sí ìgbéyàwó tí ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe ní Àbújá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá wa náà kò sì tíì fún mi lésì lórí ìdí tí wọ́n fi ń kọ "íńjìnnì" níbi tí gbogbo wa ń kọ "ẹ́ńjìnnì".