Abúlé etí odò tó ń jẹ́ orúkọ bàbá yín: ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́ Etí-Odò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní abúlé wa létí Odò Ọ̀ṣun. Orúkọ bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni abúlé náà ń jẹ́. Ilé mọ́kànlá ni mo kà, méjì ti wó níbẹ̀. Àwa tí a wọ mọ́tò wá láti Ìbàdàn pọ̀ ju àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ìdí sàréè, ọmọkùnrin kan tó ru kẹ́ẹ̀gì omi bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní, "Ọmọ ibí ni mí. Orúkọ tí ẹ ń pe ibí yìí, bàbá wa ló ń jẹ́ ẹ." Ó dúró, ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, èèyàn ló ń jẹ́ ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, báwo ni bàbá yín ṣe débẹ̀? Ta ló ṣẹ́kù síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi. Ta ló jókòó sọ fún un rí?

Bàbá Alábà
Ilé mọ́kànlá? Abà nìyẹn, kì í ṣe abúlé.

Ọmọ Awakọ̀
Létí Ọ̀ṣun kan náà ni tiwa wà, ṣùgbọ́n a wà lókè díẹ̀. Bàbá tiwa kì í ṣe ọdẹ bí ẹ ṣe máa ń gbọ́ nínú ìtàn gbogbo ìlú. Awakọ̀ ni wọ́n, igbá sì ni wọ́n ń wà. Igbá ńlá tí ọwọ́ èèyàn kan ò lè ká tán. Bí òjò bá rọ̀ tí odò kún, tí ẹsẹ̀ ò lè là á kọjá mọ́, wọ́n á gbé ẹrù lé igbá, ẹni tó ń kọjá á dì í mú, bàbá á bọ́ sómi, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á máa tì í lọ títí á fi gúnlẹ̀. Omi lè má fà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlẹ́kọ bá wá ń tajà fún àwọn tó ń dúró. Ẹlẹ́kọ pàgọ́, àgọ́ di ilé, orúkọ awakọ̀ di orúkọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá la títì, ibòmíràn ni wọ́n kọ́ afárá gbà. Kò sẹ́ni tó lé wa kúrò o. Àwọn èèyàn kàn dẹ́kun à ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ni.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé
Igbá kẹ̀! Igbá tó ń fọ́ lọ́wọ́ ọmọdé? Lórí Odò Ògùn lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ la mọ̀. Ọkọ̀ ló ń kẹ́rù láti Èkó wá gúnlẹ̀ sí Aró l'Ábẹ́òkúta kí réluwé tó dé.

Ọmọ Awakọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, odò yín fẹ̀ níbẹ̀ ju tiwa lọ. Àwọn òyìnbó tó rin ilẹ̀ wa láyé ijọ́un kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé igbá gbé àwọn kọjá odò. Ìyá mi àgbà fi ọ̀kan ṣe ọmọrí àmù títí wọ́n fi kú. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó nípọn bí pákó.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé
Ó dáa, mo gbọ́. Ọmọrí àmù yẹn ló mú mi gbà.

Àṣàbí
Bàbá Alábà, ta ni ó sọ fún yín pé iye ilé la fi ń mọ abúlé? Ibi tó bá ti ní baálẹ̀, abúlé ni.

Bàbá Alábà
Abà náà ń ní baálẹ̀. Ibi tí o ti ń roko, tí o sì máa padà sílé tí ọdún bá dé tàbí tí òkú bá kú, abà ni. Ìbàdàn ni ilé.

Àṣàbí
Abúlé ni wọ́n sin òkú tiwọn sí, bàbá. Ẹ tún un kà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Omi
Tiwa wà lábẹ́ omi. Etí Odò Ọ̀yán ni, kò jìn sí Abẹ́òkúta. Wọ́n dí odò náà, Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí dáàmù náà ní 1983, adágún rẹ̀ sì fẹ̀ tó 4,000 hẹ́kítà. Kí omi tó dé, àwọn kan wá ka kòkó, wọ́n ka ọ̀pẹ, wọ́n ka ilé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti sanwó rẹ̀. Wọn ò ka oórì. Bàbá mi àgbà ló lọ lálẹ́ ọjọ́ tí a kẹ́rù, wọ́n bu erùpẹ̀ orí oórì bàbá tó ni orúkọ abúlé sínú ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n fi aṣọ dè é lẹ́nu, wọ́n gbé e sáàárín ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí.

Abúlé Tuntun ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n kó wa sí. Abúlé tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn lọ, Abúlé Tuntun ló rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, àbúrò mi wà lára wọn. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi tí kò ṣàn ló ń tú kòkòrò àrùn náà sómi. Odò tó ń ṣàn la bá dàgbà, a ò mọ̀ pé omi tó dúró lè ṣe báyìí.

Ìyá Ìbejì
Yéè! Àbúrò yín ńkọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Omi
Ó lo oògùn, ó yè. Ó ti bímọ. A dúpẹ́.

Tèmítáyọ̀ K.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe wá rántí gbogbo èyí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Omi
Bí o bá jókòó ti ìkòkò erùpẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàbá rẹ àgbà rí, wàá rántí. Ní ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, ìdí ìgànná máa ń yọ níbi tí omi ti fà. Ọlọ ìyá mi wà níbẹ̀, ó wúwo jù láti gbé nígbà náà.

Ọmọ Awakọ̀
Mo sọ pé afárá ló pa tiwa. N ò ní ráhùn mọ́.

Mojísọ́lá
Tiwa tún yàtọ̀. Ọ̀ṣun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá wa, abúlé ṣì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, àwọn bàbá wa yọ Ọ̀ṣun, wọ́n fi Olú sí i. Ìyẹn la kọ síwèé ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn la ń jẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa ní àwọn ò san mọ́, torí kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ abúlé nínú wa. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ìdí nìyẹn tí n ò fi dárúkọ rẹ̀.

Lọ́yà Ìsàlẹ̀
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kóòtù tó ga jù lọ ti là á sílẹ̀ ní 1976 pé ọ̀nà márùn-ún la lè gbà fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni, ìtàn ìdílé sì ni àkọ́kọ́. Àmọ́ ìtàn náà gbọ́dọ̀ so pọ̀: ta ló tẹ ibẹ̀ dó, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, ta ló jẹ tẹ̀ lé e títí dé orí yín. Ẹ ní àgbà tó lè kà á?

Mojísọ́lá
Ìyàwó ilé kan ni, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn nìkan ló mọ oríkì ìdílé yẹn délẹ̀. Àwa tí a jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Àṣàbí
Ẹ gbé fóònù lọ bá wọn lónìí. Ẹ má dúró de ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé
Àdùkẹ́, o ò sọ èsì tí o fún ọmọ yẹn.

Àdùkẹ́ Etí-Odò
N ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo mú un lọ bá Ìyá Ẹlẹ́pọ, àwọn ló dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n ní ogun Kírìjì ni bàbá ń ti bọ̀, èyí tó tú ká ní 1893. Ọta ti bà wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí Ọ̀ṣun, odò kún, àwọn ẹgbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ní àwọn á padà wá gbé wọn. Bàbá ń dúró dè wọ́n, wọ́n ń gbin iṣu díẹ̀díẹ̀. Tiro ni wọ́n ń tiro dọ́jọ́ ikú.

Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ rù, ó ń tiro lọ sódò.