Dandan: ohun tí ojú mi rí ní Matsue

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ẹni tó ti sọ ti ìrìn àjò rẹ̀ sí Japan níbí ṣáájú mi, Tokyo àti Osaka ni. Èmi fẹ́ sọ ti Matsue. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ Shimane ni, ní apá ibi tí Japan ti kọjú sí Kòríà, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀. Lójú àwọn ará Japan, ìlú kékeré nìyẹn. Mo ti padà dé London tipẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Osaka lóṣù kọkànlá. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n wọ bàálù. Ó ti rẹ̀ mí, etí mi ń hó. Obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ló ní, "Lọ sí Matsue, lọ sinmi." Mo wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré bí ọfà, dé Okayama, kò tó wákàtí kan. Níbẹ̀ ni mo ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin mìíràn, Yakumo lorúkọ rẹ̀. Èyí ò kánjú ní tirẹ̀. Ó ń yí tẹ̀ lé odò, ó ń gun òkè, ó ń wọ inú ihò àpáta, ó ń jáde, ó sì lé ní wákàtí méjì ààbọ̀ ká tó débẹ̀. Ẹni tí ìrìn ọkọ̀ bá máa ń rìn lọ́kàn, kó wá nǹkan lò kó tó wọ̀ ọ́.

Òjò ló pàdé mi. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní agbègbè yẹn pé bí èèyàn bá gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sílé, kó má gbàgbé agboòrùn. Èmi ò mọ̀, mi ò mú agboòrùn kankan dání. Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ó gbé àpò bébà dání. Òjò ti rin àpò náà gbingbin. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìdí àpò já, tí ohun inú rẹ̀ dà sílẹ̀: ẹ̀fọ́, àti èso kaki mélòó kan. Kaki yìí, bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó pè é ní àgbálùmọ̀, àwọ̀ kan náà ni. Ó ń yí lọ sójú títì. Mo gbé ẹrù mi kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń ṣà á níkọ̀ọ̀kan. Mo fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì mi, mo kó gbogbo rẹ̀ sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó tẹrí ba. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Dandan."

Ẹ̀yin ará, mo dúró sójú kan. Dandan kí ni? Kí ló di dandan? Ó tún un sọ, "Dandan, dandan," jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ìyá mi bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé tó bu omi wá fún un.

Ó wá rí i pé òjò ń pa mí. Ó sún mọ́ mi, ó na ọwọ́ sókè kí agboòrùn rẹ̀ lè bo àwa méjèèjì. Kò ga dé èjìká mi, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n díẹ̀. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́ èdè ara wa, títí bọ́ọ̀sì tirẹ̀ fi dé. Ìgbà yẹn ló fi agboòrùn lé mi lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀. Mo ń pè é, "Mama! Mama!" Ọkọ̀ ti gbéra. Ojú fèrèsé ló ti tún tẹrí ba fún mi.

Ìyá tó ni ilé ìgbàlejò tí mo wọ̀ sí ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní ará Tokyo á sọ pé arigatō, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka èdè Izumo tiwọn, "dandan" ni "ẹ ṣé." Ó ní ẹnu àgbà ló pọ̀ sí jù báyìí. Mo sọ ohun tó jẹ́ lédè tiwa fún un: ohun téèyàn kò gbọdọ̀ má ṣe. Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó bára mu."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò tètè sùn. Kò sí ìró fèrè ọkọ̀, kò sí ìró ohùn. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, bí àdúgbò bá pa lọ́lọ́ báyẹn, yálà ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí Orò fẹ́ jáde. Láàárọ̀, mo bi ìyá náà pé ṣé kò sí nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì mí. Ó ní nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, oṣù kẹwàá, tó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kọkànlá ti ìsinsìnyí, gbogbo òrìṣà ilẹ̀ Japan, àwọn tí wọ́n ń pè ní kami, máa ń fi ìlú wọn sílẹ̀ wá pé jọ sí Izumo, tí kò jìnnà sí Matsue. Ní ìlú yòókù, oṣù tí kò sí òrìṣà nílé ni wọ́n ń pè é. Ní Izumo nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní oṣù tí òrìṣà wà nílé. Ìpàdé ni wọ́n wá ṣe, láti pinnu ẹni tí yóò pàdé ẹni àti ẹni tí yóò fẹ́ ẹni. Ní àwọn ọjọ́ ìpàdé yẹn, àwọn àgbà ilẹ̀ náà kì í kọrin, wọn kì í lùlù, wọn kì í kọ́lé, kí wọ́n má baà dí àwọn àlejò lọ́wọ́. Oimi-san ni wọ́n ń pe àkókò náà. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ìdákẹ́jẹ́ ìlú yẹn yàtọ̀ létí mi. Àlejò ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Mo lọ sí Izumo náà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń gba etí ọ̀sà Shinji kọjá, wákàtí kan ló gbà mí, pẹ̀lú pípààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Okùn koríko ìrẹsì tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wà nínú ọgbà òrìṣà náà gùn ju mítà 13 lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún. Káàkiri Japan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ níwájú òrìṣà. Ní Izumo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò pàtẹ́wọ́. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo bọ̀wọ̀ fún ilé onílé.

Ààfin olódi wà ní àárín ìlú Matsue, dúdú, onígi. Ọdún 1611 ni wọ́n parí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn 12 péré tí ilé gogoro wọn àtijọ́ ṣì dúró títí dòní ní gbogbo Japan. Lọ́dún 1875 ni ìjọba fẹ́ wó o, wọ́n ti ta ilé gogoro náà ní 180 yen fún ẹni tó fẹ́ tú u palẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ló dá owó náà tí wọn ò fi wó o. Mo fọwọ́ kan òpó inú rẹ̀, mo ronú kan àwọn ohun àtijọ́ tiwa tí kò rí ẹni dá owó sí i.

Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí odi náà ká ṣì kún fún omi, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì ń gbé èèyàn yí i po fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nígbà òtútù, tábìlì kékeré tó ní iná lábẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ẹ ó sì ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Afárá 16 ni ọkọ̀ ń gbà lábẹ́ kọjá, mẹ́rin nínú wọn sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí atukọ̀ á fi rẹ òrùlé ọkọ̀ wálẹ̀. Gbogbo wa dojú bolẹ̀, èmi àti tọkọtaya àgbàlagbà kan, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí a ṣe jáde síta, tí òrùlé gbéra sókè padà, a bú sẹ́rìn-ín pa pọ̀.

Lẹ́bàá yàrà yìí kan náà ni ilé tí òǹkọ̀wé kan, Lafcadio Hearn, gbé wà. Gíríìsì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1850, ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Matsue lọ́dún 1890, ó fẹ́ ọmọ ìlú náà, ó sì di ọmọ Japan lọ́dún 1896. Kò lò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ ní Matsue, àmọ́ ọkàn rẹ̀ so mọ́ ibẹ̀. Ó yé mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Níwájú ibùdókọ̀ ojú irin tó wà létí ọ̀sà, omi gbígbóná wà tí wọ́n fi òkúta yí ká, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàbá méjì wà níbẹ̀. Wọ́n sún fún mi. A jókòó láìsọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú omi kan náà. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, mo rí àwọn apẹja lójú ọ̀sà nínú ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n ń fi ohun èlò onírin tó ní eyín, tó ní igi gígùn, wa shijimi nísàlẹ̀ omi. Shijimi ò ju èékánná lọ, ìkarahun dúdú méjì tó bo ara wọn. Omi ọ̀sà náà ní iyọ̀ díẹ̀, ohun tí shijimi fẹ́ nìyẹn. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi láàárọ̀. Ó fúyẹ́ lẹ́nu, ó sì mú ara mi gbóná dé ẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fukuoka:

Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Ìbejì. Hagi ni èmi lọ, ní ìpínlẹ̀ Yamaguchi, etíkun kan náà ni. Mo háyà kẹ̀kẹ́, mo fi yí gbogbo ìlú. Ibi tí àwọn samurai ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ọba ní tiwa, ògiri amọ̀ gígùn ló wà níbẹ̀, ọsàn ńláńlá sì ń yọrí jáde lókè ògiri náà. Natsumikan ni wọ́n ń pe ọsàn yẹn. Nígbà tí ìjọba tuntun tí wọ́n ń pè ní Meiji gba owó oṣù àti ipò lọ́wọ́ àwọn samurai, ebi dé. Láti ọdún 1876 ni wọ́n ti ń gbin ọsàn yẹn síwájú ilé wọn láti fi jẹun. Oṣù karùn-ún ni mo débẹ̀, òdòdó funfun àti èso wà lórí igi kan náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò.

Mi ò ní parọ́, ohun kan dùn mí níbẹ̀. Mo fẹ́ wọ ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án, ọkùnrin inú rẹ̀ fi apá méjèèjì dábùú ara wọn sí mi lójú kí n tó sọ̀rọ̀ rárá. Àga ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo dúró síta, oúnjẹ ò wù mí mọ́. Ìyá kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ tíì ní òdìkejì rí gbogbo rẹ̀. Ó pè mí wọlé, ó fi ọ̀kan nínú abọ́ Hagi yẹn bu tíì fún mi. Ó ní bí èèyàn bá ṣe ń lò ó pẹ́ tó ni àwọ̀ rẹ̀ á ṣe máa yí, torí tíì ń wọ inú àwọn ìlà tín-tìn-tín ara rẹ̀. Ó fi tirẹ̀ hàn mí, ó ti lò ó fún ogún ọdún, ó ti pọ́n bíi ẹ̀kọ tí a fi oyin sí. Mo ra kékeré kan. Òun ni mo fi ń mu tíì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Alhaja Ọlọ́jà:

Ẹ kú ìnáwó ojú o. Ìyá Ìbejì, àwa tí a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí a kì í mu ọtí, kí la ó jẹ níbẹ̀? Àti agboòrùn ìyá yẹn ńkọ́? Ẹ ò parí ìtàn.

Ìyá Ìbejì:

Àbúrò mi ní Fukuoka, pẹ̀lẹ́. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ò dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ṣì í mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá alábọ́.

Alhaja wa, ẹja àti shijimi pọ̀. Soba Izumo náà wà, oúnjẹ bíi núdù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun èso soba ṣe, abọ́ pupa róbótó mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn, ẹ ó sì da omi ọbẹ̀ sí i fúnra yín. Ó dúdú torí wọ́n lọ èso náà mọ́ èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ omi ọbẹ̀ yẹn, mirin wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọtí sì ni mirin. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí ẹ kì í jẹ àti èyí tí ẹ kì í mu sí bébà fún yín lédè Japan kí ẹ tó lọ. Ẹ mú owó lọ́wọ́ náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké mìíràn ò gba káàdì.

Ti agboòrùn: dúdú ni, wọ́n ti fi téèpù funfun di ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ya. Mo fẹ́ kí ó padà sọ́wọ́ ìyá náà. Ìyá onílé ìgbàlejò kọ ìwé kékeré kan fún mi, "dandan" nìkan ló wà níbẹ̀, ó fi ọ̀rá bò ó kí òjò má pa á. Mo fi okùn so ó mọ́ agboòrùn, mo lọ gbé e kọ́ síbi tí a ti pàdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá níbẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ ojú irin, ó ṣì so kọ́ síbẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ń dúró de ọkọ̀ nínú òjò, ọ̀kan nínú wọn ò ní agboòrùn. Kò fọwọ́ kàn án.