Ìtàn kúkúrú mi ti di 4,200 ọ̀rọ̀, ṣé kí n gé e ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń kọ ìtàn ìyá kan tó ń ta ìkọ́kọrẹ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, tọ́mọ ẹ̀ tó ti sá nílé tipẹ́ wá ń bọ̀ lórí ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, mo rò pé kò ní ju 1,500 ọ̀rọ̀ lọ, àfi bó ṣe di 4,200. Bẹ́ẹ̀ orí fóònù nínú bọ́ọ̀sì Ṣágámù lọ̀pọ̀ àwọn òǹkàwé mi á ti kà á. Àbúrò mi ní tó bá ti ju 1,000 lọ, òun ò ní kà á tán. Caine Prize, ìdíje ìtàn kúkúrú àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, ń gba ìtàn láti 3,000 dé 10,000 ọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tó máa kà á lórí fóònù gan-an ni mò ń rò. Ibi tí ìyá yẹn ti ń rin ewùrà nìkan gba 600, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù, kò wù mí kí n yọ ọ́. Ṣé kí n gé e, àbí kí n pín in sí mẹ́ta? Tí mo bá pín in ńkọ́, ṣé wọ́n á padà wá ka ìyókù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìtàn lórí fóònù, ibo ló ti máa ń sú yín?